Ṣáàtì Ọjà Tí Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ Fọwọ́ Sí

Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú Bádéjọ lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìkòròdú, nígbà tí yóò sì fi padà dé, ó ti di ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ náà dá lórí bí tíṣà ṣe lè jẹ́ kí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó ń kọ́: kó fọwọ́ kà á, kó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, kó tò ó, kó tú u palẹ̀, kó tún un tò. Ìkọ́ni àfọwọ́ṣe ni wọ́n pè é. Tíṣà mọ́kànléláàádọ́ta ló gba ẹ̀kọ́ náà, gbogbo wọn ni wọ́n sì fún ní ìwé ẹ̀rí, títí kan ọkùnrin kan tó sùn láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní títí wọ́n fi gbé ìrẹsì ọjọ́ kẹta dé. Ṣùgbọ́n Bádéjọ nìkan ló fi tirẹ̀ sínú gíláàsì. Ó gbé e kọ́ sí òkè pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì kẹrin tí ó ń kọ́, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan létí ọ̀sà, tí kò jìnnà sí Èjìnrìn. Ó gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kankan kò lè kà á. Ó gbà pé ibi tí ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ti mẹ́nu bà á pé àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ń wá ẹnì kan tí yóò máa lọ káàkiri ilé-ìwé, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, láti kọ́ àwọn tíṣà yòókù ní ìlànà tuntun yìí. Ọ́fíìsì rẹ̀ yóò wà ní Ìkòròdú. Fáànù wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, alábẹ̀wò yóò kọ́kọ́ wá wo kíláàsì rẹ̀. Ẹni mọ́kànléláàádọ́ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bádéjọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, àánú àádọ́ta yòókù sì ṣe é.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti tọ àwọn atẹ̀wé kan lọ nítòsí gáréèjì Ìkòròdú, ó sì tẹ káàdì ọgọ́rùn-ún. Ojú kan funfun láìsí nǹkan kan. Ojú kejì ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà: AKÍNLOLÚ BÁDÉJỌ, OLÙDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ ÀGBÀ. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyá tó bí i. Ìyá náà dìde láàárín ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dúpẹ́, wọ́n sì bá a jó dé iwájú pẹpẹ. Iṣẹ́ tí wọn kò tíì fún un, wọ́n ti dúpẹ́ rẹ̀ tán. Bí iṣẹ́ náà kò bá wá bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́, ojú wo ni yóò fi wọ Ìkòròdú?

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ọjà Èjìnrìn. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbé e wá sí ilé-ìwé yìí, ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí pé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń ná ọjà náà, kíláàsì a máa ṣófo. Àwọn ọmọ apẹja tí òbí wọn ti etíkun Oǹdó wá, àwọn ọmọ àgbẹ̀, gbogbo wọn a ti bá ìyá wọn gbẹ́rù lọ. Lánàá, ọmọ méjìdínlógójì, lónìí, eṣinṣin. Kò sì jọ pé ó ní ọjọ́ kan pàtó. Nígbà míì Ọjọ́rú ni, nígbà míì Ọjọ́bọ̀. Bí alábẹ̀wò bá wá lọ yọ sí i ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí kíláàsì tún ṣófo, ó dá Ìyá Glory dúró lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́ja ni obìnrin náà, ọmọ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì kẹrin.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Glory. Ẹ jọ̀ọ́, ọjà yín yìí, ìgbà wo ìgbà wo lẹ máa ń ná an?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án ni, tíṣà. Bí a ṣe bá a nìyẹn." Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni?"

"Rárá, mà. Ìmọ̀ ni mò ń wá."

"Háà. Ìyẹn kò sí nínú agbọ̀n tèmi," ni obìnrin náà wí, ó sì gbé ẹrù rẹ̀.

Bádéjọ kọ 9 sínú ìwé àjákọ rẹ̀, ó sì fi ìlà róbótó yí i ká.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó kó àpò ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan wọ kíláàsì, pẹ̀lú páálí funfun fífẹ̀ kan. Ó ya oṣù méjì sórí páálí náà ní ojú onígun mẹ́rin kéékèèké, ọjọ́ kan sí ojú kan, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó yí i ká.

"Lónìí," ó wí, "a ó fi ọwọ́ wa wá ọjọ́ ọjà. Kò ní sí àfẹnusọ. Ìgbà wo ni wọ́n ná ọjà gbẹ̀yìn?"

"Fúráìdè, sà!"

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án, sà!"

"Glory, bọ́ síbí. Fi ìdérí kà á."

Glory jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti ẹni tó ti ń to ẹja sórí àtẹ láti ìgbà tí ó ti mọ̀ ọ́n jókòó. Ó fi ìdérí kan lé ọjọ́ Ẹtì, ó fi òmíràn lé Àbámẹ́ta, ó ń tò wọ́n lọ, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ìkẹsàn-án bọ́ sórí Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbójú sókè. "Sátidé ni, sà."

Àwọn ọmọ yòókù mi orí. Ohun tí ìyá wọn ti sọ nílé náà nìyẹn.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà parí sí, kí wọ́n sì jáde lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n Bádéjọ tẹ̀ síwájú, ó sì mú ìdérí àkọ́kọ́ kúrò lórí ọjọ́ Ẹtì.

"Kí ló dé tí o ka Fúráìdè? Ṣebí wọ́n ti ná ọjà ọjọ́ yẹn tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ohun tó ti parí, ṣé a tún ń kà á ni? Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ìṣirò. Tún un kà."

Gbogbo ẹni tí a bí sí ilẹ̀ yìí mọ̀ pé bí a bá ń dá ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, tí a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Bádéjọ náà mọ̀ ọ́n. Bó ṣe sọ ọmọ tirẹ̀ méjèèjì lórúkọ nìyẹn, kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àti ìwé ẹ̀rí nínú gíláàsì lẹ́yìn orí, nǹkan ilé kì í sábà wá síni lọ́kàn.

Glory ló gbìyànjú láti rán an létí. "Sà, àbúrò mi tí wọ́n bí ní Sátidé, Sátidé kejì la sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá mi ní ọjọ́ kẹjọ ni."

"Ìyẹn ìsọmọlórúkọ," ni Bádéjọ wí. "Èyí ìṣirò."

Ọmọ náà tún un kà. Ìkẹsàn-án bọ́ sórí ọjọ́ Àìkú. Bádéjọ bá a ka ìyókù fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọmọ náà kò yá tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: lẹ́yìn Àìkú, ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Ìṣẹ́gun, ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ó fi máákà pupa kun àwọn ojú náà, ó kọ ỌJÀ sínú wọn, ó sì kan ṣáàtì náà mọ́ ògiri. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó tóbi ju ti oṣù lọ, ó kọ ọ́ pé: ẸNI TÓ ṢE É: A. BÁDÉJỌ. Ó sì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà ní ìrù méjì.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wo bí nǹkan ṣe máa ń bá onígbèéraga ṣeré. Ọjà tòótọ́ bọ́ sí Àbámẹ́ta, bí Glory ṣe kà á. Ẹ̀yìn ìyẹn, ó bọ́ sí Àìkú. Ọjọ́ méjèèjì, ilé-ìwé kò ṣí, Bádéjọ sì wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọkọ̀ lọ sílé. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ṣáàtì rẹ̀ ti ṣìnà. Nígbà tó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a fi pupa kùn, ó jí, ó wọṣọ, ó sì mú ìwé kan dání tí yóò máa kà nínú kíláàsì òfìfo.

Ó wọlé, ó bá ọmọ méjìdínlógójì.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ṣáàtì. Ó wo àwọn ọmọ. Ó tún wo ṣáàtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ni gbogbo wọn ké.

"Ẹ jókòó." Ohùn rẹ̀ kò dán mọ́rán. "Zàíd. Kí ló dé tí o wá sílé-ìwé lónìí?"

Zàíd, ọmọ tí kì í pẹ́ bẹ̀rù, rò ó bóyá ẹjọ́ ló fẹ́ dé. "Ẹ ní ká máa wá, sà."

Bádéjọ yíjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà rèé, ọmọ kan kò sì lọ. Láti ayé àwọn baba wọn ni ọjà yìí ti ń fa ọmọ kúrò nílé-ìwé, kò sí ọ̀gá tí kò pariwo, kò sí ẹgba tí wọn kò nà. Òun, pẹ̀lú àpò ìdérí ẹlẹ́rìndòdò kan, ti borí ọjà. Kò bi ọmọ kankan ní ìbéèrè kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ tó wà ní Ẹ̀pẹ́, Alhájà Ṣẹ̀rífátù Láwàl. Ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi gé e sí méjì. Kókó rẹ̀ ni pé láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni àfọwọ́ṣe, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kì í lọ sí ọjà Èjìnrìn mọ́ ní ọjọ́ ọjà. Ó fi àwòrán ṣáàtì tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ìsàlẹ̀ jù nígbà tó ń yà á. Ìfọwọ́sí nìkan ló hàn.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. "Ẹ ṣeun. Tí wọ́n bá ń jókòó sí kíláàsì lọ́jọ́ ọjà, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè."

Bádéjọ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn nìkan nígbà mẹ́fà. Ó wo ṣáàtì: ọjọ́ Ajé funfun báláú, Ọjọ́bọ̀ ni ó pupa. Ó rò ó pé Alhájà ti tètè fẹ́ wá ni, kò lè ní sùúrù dé Ọjọ́bọ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yé e.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó tó wọkọ̀ lọ sílé, ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. "Mọ́ńdè, àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ẹ fọ aṣọ yín. Ẹ gé èékánná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ má wá."

Ọwọ́ Glory wà lókè. "Sà, Mọ́ńdè lọjà."

"Glory. Dìde. Wo ògiri. Kí ni wọ́n kọ sí Mọ́ńdè?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan, sà."

"Ibo ni wọ́n kọ ọjà sí?"

"Tọ́sìdeè, sà."

"Nítorí náà, ṣé Mọ́ńdè lọjà?"

Ọmọ náà wò ó díẹ̀. Ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tó fẹ́ la kòtò kọjá, tí ẹ kò mọ̀ bóyá kí ẹ na ọwọ́ sí i tàbí kí ẹ máa wò. "Rárá, sà," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ó dára. Jókòó."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Bádéjọ wọkọ̀ láti Ìkòròdú ní ìdájí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi sítáàṣì lọ̀, káàdì mẹ́wàá wà ní àpò àyà rẹ̀. Ọkọ̀ kún fún àwọn obìnrin tí wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo lé orí itan, tí wọ́n ká àpò mọ́ abẹ́ apá. Ní Agbówà, àwọn méje mìíràn wọlé, agbọ̀n méje mìíràn. Agbọ̀n kan wà ní orúnkún Bádéjọ fúnra rẹ̀ láti Agbówà títí dé ibi tí ó ti bọ́ sílẹ̀. Ó fi àkókò náà ronú ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀.

Ilé-ìwé dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kò sí ní ọ́fíìsì. Ó ti lọ ra iṣu. Bádéjọ rìn kọjá kíláàsì kìíní, kejì, kẹta. Kò wo inú wọn, nítorí wọn kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì kẹrin.

Zàíd nìkan ló jókòó, ní ìlà iwájú, aṣọ rẹ̀ mọ́, èékánná rẹ̀ gígé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nínú báńdéèjì.

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ó ké, òun nìkan, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sọ́jà, sà."

"Ọjà wo?"

Zàíd ọmọ rere wo ògiri kó tó dáhùn. "Ọjà Tọ́sìdeè, sà."

Bádéjọ fìdí lé orí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ, kí ló dé tí o ò lọ?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, sà. N ò lè rìn débẹ̀."

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, nígbà tí ìró mọ́tò dé. Alhájà Láwàl sọ̀ kalẹ̀: obìnrin tó sanra díẹ̀, tí kì í kánjú, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ ọrùn. Bùùtù ọkọ̀ rẹ̀ kò pa dé dáadáa nítorí kúlà búlúù ńlá kan tó wà nínú rẹ̀. Ó wọlé, ó kí, ó ka àga, ó ka ọmọ. Ìyẹn kò pẹ́.

"Tíṣà Bádéjọ. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé àwọn ọmọ yín kì í lọ sọ́jà mọ́ lọ́jọ́ ọjà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n òní kọ́ lọjà, mà. Mi ò mọ ohun tó dé bá wọn."

"Òní kọ́?"

"Rárá, mà. Ẹ wò ó."

Alhájà fi gíláàsì sójú, ó súnmọ́ ṣáàtì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ojú kan. Ó fi ìka tọ àwọn ojú pupa náà. Ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Orúkọ yín rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó hàn dáadáa."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ìyá tó bí ìyá mi ná ọjà yìí títí ó fi kú. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi wá. Èmi fúnra mi, ẹja ọ̀sẹ̀ méjì mi, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ rà á lónìí." Ó bọ́ gíláàsì. "Mo mú ọjọ́ òní nítorí pé ọjà ni. Ṣebí kíláàsì tó ń kún lọ́jọ́ ọjà lẹ ní kí n wá wò?"

Bádéjọ tún wo ojú funfun ọjọ́ Ajé lórí ṣáàtì.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo kíláàsì yín," ni Alhájà wí. "Mo ti jó epo mọ́tò mi dé ìhín. Ọmọ, wá wọlé. Ìwọ jókòó síwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ."

Bádéjọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìwé Alhájà lórí ẹsẹ̀. Zàíd kò tíì jókòó síwájú mọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọjá.

Ọjà ti kún. Ọkọ̀ ojú omi so mọ́ ara wọn létí ọ̀sà, wọ́n ń já ẹja, wọ́n ń já gàrí. Kíláàsì kẹrin sì wà níbẹ̀ ní kíkún, Zàíd nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mùtíù ń fi kóńgò wọn gàrí fún oníbàárà kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí rẹ̀ tí ó tẹ́jú bí tábìlì, ó sì tún bu ẹ̀kún ọwọ́ kan lé e bí èènì. Ọmọbìnrin kan ń ka ọsàn ní márùn-ún márùn-ún, ó ń bá ẹni tó ń rà á jiyàn, ó sì borí. Bí wọ́n ṣe rí tíṣà wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níbi tí wọ́n wà, "Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ káàbọ̀, sà!" bí ẹni pé àwọn ti ń retí rẹ̀.

Bádéjọ ti múra láti fi agolo àti yanrìn kọ́ wọn ní ìwọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Agolo mẹ́ta ṣì wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n ń dún.

Lẹ́bàá àtẹ ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ, wọ́n bá Glory àti ìyá rẹ̀.

"Háà, tíṣà!" ni Ìyá Glory kígbe. "Ìmọ̀ tẹ́ ẹ ń wá ọjọ́sí, ṣé ẹ ti rí i? Àbí ẹja lẹ máa rà lónìí?"

Alhájà ló ra ẹja tútù. Ó nájà bí ọmọ ọlọ́jà: ó kọ̀, ó yí padà, ó fẹ́ lọ, wọ́n pè é, ó padà. Nígbà tí kúlà kún dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ náà.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Glory, mà."

"Glory, lẹ́yìn tòní, ìgbà wo ni n ó tún wá ra ẹja níbí?"

Glory wá ìdérí, kò rí. Ó bá na ọwọ́ sí àtẹ, ó mú àrọ̀ gbígbẹ tó ká roboto bí òrùka, ó fi lélẹ̀. "Òní, mà." Ó mú òmíràn. "Ọ̀la." Ó ń tò wọ́n lọ lórí àpò ìrẹsì tó tẹ́ sílẹ̀, ẹja kan sí ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ń mì bíi ti ọjọ́sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti yá padà. Ẹja kẹsàn-án. Ó gbójú sókè. "Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

"O káre. Ta ló kọ́ ẹ láti máa kà á báyìí?"

Ariwo ọjà kò dúró, ṣùgbọ́n Bádéjọ kò gbọ́ ọ mọ́. Glory wo ojú tíṣà rẹ̀. Ojú ọjọ́ Ẹtì náà ló fi wò ó, ti ẹni tó rí àgbàlagbà létí kòtò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó na ọwọ́.

"Tíṣà wa ni, mà."

Alhájà yíjú díẹ̀díẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni, Tíṣà Bádéjọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ́fíìsì wà nínú rẹ̀, fáànù wà nínú rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ìjọ wà nínú rẹ̀. Ṣáàtì tó wà lára ògiri, ó lè wá nǹkan kan sọ sí i; kò tíì sí ìgbà tí kò rí nǹkan sọ rí. Ó gbé ọwọ́ lé àpò àyà rẹ̀ níbi tí káàdì mẹ́wàá wà. Ó tún wo Glory. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ìyẹn ni kò lè gbà. Ó lè gbà kí alábẹ̀wò bá a wí. Ó lè gbà kí àádọ́ta tíṣà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ṣàánú òun, òun Akínlolú, ìgbéraga tí ó fi ń jẹun láti ọjọ́ tó pẹ́ kọ̀ fún un.

"Irọ́ ni, mà," ó wí. "Òun ló kọ́kọ́ kà á bẹ́ẹ̀. Mo gba ìdérí lọ́wọ́ ẹ̀."

Láti ọjọ́ tí ó ti dé láti Ìkòròdú, kò tíì sọ gbólóhùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

"Ó dára," ni Alhájà wí. Ó mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ nǹkan sí i, kò sì gùn. Ó tọ́ka sí kúlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé mọ́tò."

Bádéjọ gbé e. Omi ẹja tútù tó wà nísàlẹ̀ ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì onísítáàṣì náà títí wọ́n fi débẹ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbójúgbóyà. "Mà, kí lẹ kọ?"

"Ohun tí mo rí."

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Mo rí ẹ̀yin náà," ni Alhájà wí, ó sì ti bùùtù.

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé. Iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan ní Agbówà, tíṣà kíláàsì kejì, tí ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ṣì wà nínú páálí bàtà. Bádéjọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò sọ fún ìjọ, nítorí kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ètò ìsìn bí a ṣe ń gba ọpẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ní ojú ewé kejì. Alhájà Láwàl kọ ọ́ níbẹ̀ pé òun ń kó tíṣà méjìlá bọ̀ wá wo kíláàsì kẹrin lẹ́nu iṣẹ́, lọ́jọ́ ọjà, nínú ọjà, kí tíṣà wọn wà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ ọjà kejì sí èyí tó ń bọ̀ ni òun fẹ́. Kí Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ jọ̀wọ́ ṣírò ọjọ́ náà, kó fi í ránṣẹ́. Kó má ṣe ya àwòrán rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ṣáàtì àtijọ́ kúrò lára ògiri. Ó tẹ́ páálí tuntun sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ méjìdínlógójì. Ó wá ìdérí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ti kó wọn lọ ṣe táyà mọ́tò. Ó bá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó páálí kékeré kan jáde, ó tú káàdì ọgọ́rùn-ún dà sílẹ̀, mẹ́wàá àpò àyà mọ́ ọn, tí òórùn ẹja wà lára wọn.

"Ẹ dojú tó ní lẹ́tà bolẹ̀," ó wí. "Ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú funfun. Káàdì kan, ọjọ́ kan."

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí ojú tí lẹ́tà aláwọ̀ wúrà náà wà díẹ̀díẹ̀. Glory mú káàdì kìíní dání, kò tíì fi lélẹ̀.

"Sà, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wọn wò ó. Àwọn ọmọ mìíràn ti ṣe tán láti gbà á bí ó bá ṣe wù ú kó sọ ọ́.

"Ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà gan-an," ni Bádéjọ wí. "Ẹ ka ìyẹn mọ́ ọn."

Wọ́n tò ó títí oṣù méjì fi pé. Wọ́n fi máákà pupa kun ọjọ́ ọjà, wọ́n sì gbé e kọ́, ní ibi tí ọmọ lè ti kà á. Zàíd wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún wò ó.

"Sà, ẹ ò kọ orúkọ yín."

"Máákà ti gbẹ."

Zàíd kò ní ìfẹ́ sí kí a rẹ́ tíṣà rẹ̀ jẹ. Ó na ìka sí etí káàdì kan tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì mú dáadáa, ó ṣí i díẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí èkejì. Ó ṣí ẹ̀kẹta.

"Sà! Orúkọ yín wà ńbẹ̀ o! Ó wà lẹ́yìn gbogbo ọjọ́!"

"Lẹ̀ wọ́n padà," ni Bádéjọ wí, "kí o sì máa ka ọjọ́ lọ."